Ọ̀nà Kejì, Lẹ́yìn Òkè

Láti kékeré ni ẹ̀rù ti máa ń ba obìnrin yìí. Kì í ṣe ẹ̀rù òkùnkùn tàbí ti iwin, irú èyí tí ọmọdé máa ń ní tó sì máa ń já kúrò lára wọn bí eyín àkọ́hù. Ẹ̀rù tirẹ̀ ní ètò. Bí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn tán, á padà lọ fà á wò. Bí ìyá rẹ̀ bá rán an níṣẹ́ lọ sí òpópónà kejì, yóò ti mọ ibi tí òun yóò yà sí bí ajá bá yọ níwájú, yóò sì ti mọ ibi tí òun yóò sá gbà bí ajá mìíràn bá tún wà níbẹ̀. Bàbá rẹ̀ a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Ìwọ ọmọ yìí, ọjọ́ tí o bá dé ọ̀run, wàá ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi ilẹ̀kùn ẹ̀yìn hàn ọ́." Gbogbo ilé a bú sẹ́rìn-ín, òun náà a bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nínú ọkàn rẹ̀ ó gbà pé ìbéèrè tó bọ́gbọ́n mu nìyẹn.

Ó dàgbà, ó di olùkọ́. Òkè, odò, òjò, àti bí a ṣe ń ka máàpù ni ó ń kọ́ àwọn ọmọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ ọ́ ní Màmá Ẹ-Rọra, nítorí ọ̀rọ̀ yẹn ni kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, "Ẹ rọra." Wọ́n ń gbé àga, "Ẹ rọra." Wọ́n ní ó tilẹ̀ sọ ọ́ lọ́jọ́ kan fún ọmọ tó ń sùn ní kíláàsì. Ó mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe òun, kò sì bínú sí i. Orúkọ tó burú ju ìyẹn lọ pọ̀ nílé-ìwé náà.

Nítorí ẹ̀rù yìí gan-an ni Ọ̀gá Àgbà ṣe fa ètò ìrìn inú igbó lé e lọ́wọ́. Lọ́dọọdún, àwọn ọmọ kíláàsì tó ga jù lọ máa ń wọ igbó fún ọjọ́ mẹ́ta. Wọn a gbé ẹrù wọn pọ̀n, wọn a pàgọ́, wọn a dáná oúnjẹ fúnra wọn. Ọ̀gá Àgbà, obìnrin gíga kan tí ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kò jìnnà mọ́, fẹ́ràn ìrìn yìí ju gbogbo ayẹyẹ ilé-ìwé lọ. Òfin kan ló fi lélẹ̀ lórí rẹ̀: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kó ọmọ ọlọ́mọ wọ igbó pẹ̀lú ọ̀nà kan ṣoṣo lórí. Méjì ni kí wọ́n múra rẹ̀, kí èkejì lè wà ní sẹpẹ́ bí ti àkọ́kọ́ bá dí.

Ti àkọ́kọ́ kò le. Ó tẹ̀ lé etí odò, ó gba orí afárá pákó kọjá, àwọn ọmọ tó ti jáde ti ń rìn ín tipẹ́. Èkejì ló gba Màmá Ẹ-Rọra ní àkókò. Ó wo máàpù títí ojú fi ń ta á. Níkẹyìn ó rí ọ̀nà kan tó gba ẹ̀yìn òkè lọ, tí kò kan odò rárá. Nígbà tí ilé-ìwé gba ọlidé, nínú ẹ̀ẹ̀rùn, òun àti olùkọ́ eré ìdárayá fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn ín tán.

Olùkọ́ eré ìdárayá yìí, Gìrìgìrì ni gbogbo ilé-ìwé mọ̀ ọ́n sí. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, kò mọ bí wọ́n ti ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Bó bá ń bọ̀ lọ́nà ọ̀dẹ̀dẹ̀, ife tíì àwọn olùkọ́ á ti máa gbọ̀n lórí tábìlì kó tó wọlé. Ó fẹ́ràn Màmá Ẹ-Rọra bí ẹ̀gbọ́n tí wọ́n jọ jáde láti inú ìyá kan náà, ṣùgbọ́n kò lè rí i kó má bá a ṣẹ̀fẹ̀.

Lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún, oòrùn ń ta bí ata. Ní ọjọ́ kejì ìrìn wọn, wọ́n dé ibì kan tí kòtò gbígbẹ méjì wà, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún, tí ilẹ̀ gíga kan sì wà láàárín wọn. Ewé gbígbẹ ló kún inú kòtò náà, alángbá ń sá kiri níbẹ̀. Gìrìgìrì ń fò wọ́n síwá sẹ́yìn bí ọmọdé. Lórí ilẹ̀ gíga náà, igi ńlá ṣíji bo ilẹ̀ tó tẹ́jú, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ yẹ́ẹ́. Màmá Ẹ-Rọra jókòó, ó na ẹsẹ̀.

"Ibí dára," ó wí. "Ibí ni ká ti pàgọ́ wọn."

Gìrìgìrì gbọ́wọ́ sétí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ tún un sọ kí n gbọ́. Ẹ̀yin lẹ sọ pé ibì kan dára?"

"Má yọ mí lẹ́nu jàre."

"Kò sí ejò níbẹ̀? Igi ò ní wó? Òkè ò ní dìde lu wá?"

"Mo ní ibí dára."

Ó sì ti ọkàn rẹ̀ wá. Ó pẹ́ tí ara rẹ̀ ti balẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn.

Lọ́dún yìí, ọmọ rẹ̀ obìnrin wà nínú àwọn tó ń lọ. Òun nìkan ló bí, bàbá rẹ̀ ni ọmọ náà sì jọ délẹ̀délẹ̀: kì í wolẹ̀ kó tó fò, kì í bèèrè kó tó gòkè. Bíi kí ìyá rẹ̀ gbé e sápò ni.

Òjò tètè dé lọ́dún náà. Nígbà tó dé, ó rọ̀ bí ẹni pé ó jẹ ilẹ̀ ní gbèsè. Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú ìrìn, aṣọ́gbó tí ilé rẹ̀ wà nísàlẹ̀ òkè fóònù sílé-ìwé pé odò ti gbé afárá pákó lọ, kò ku igi kan. Ọ̀gá Àgbà wọ yàrá àwọn olùkọ́ wá fúnra rẹ̀.

"Ọ̀nà àkọ́kọ́ ti dí," ó wí, "ṣùgbọ́n ẹ má fòyà. Ẹlẹ́rù wa ti bá wa wá èkejì. Ọjọ́ Ajé kò yẹ̀."

Àwọn olùkọ́ pàtẹ́wọ́ fún Màmá Ẹ-Rọra. Ẹnì kan ní ẹ̀rù tó lérè nìyí. Inú tirẹ̀ náà dùn. Ó gbé ife tíì rẹ̀, ó lọ dúró lójú fèrèsé.

Gọ́tà kékeré kan wà láàárín yàrá àwọn olùkọ́ àti ọ́fíìsì. Kò sẹ́ni tó kà á sí nǹkan kan, gbogbo wọn ló ń dá a kọjá lójoojúmọ́ láìwolẹ̀. Lọ́sàn-án yẹn, akọ̀wé ilé-ìwé dúró sódì kejì rẹ̀, bàtà rẹ̀ lọ́wọ́, ó ń wo omi pupa tó ń sáré kọjá bí ẹni tí wọ́n ní kó fo òkun. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó dá a padà.

"Ẹ bá mi wá pákó o!" ó kígbe. "Ẹ̀yin èèyàn, ṣé ẹ ò rí mi ni?"

Àwọn olùkọ́ ń rẹ́rìn-ín. Màmá Ẹ-Rọra kò rẹ́rìn-ín. Àwọn kòtò gbígbẹ méjèèjì, pẹ̀lú ewé àti alángbá inú wọn, ló ń wò.

Nínú ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n dán ọ̀nà kejì wò. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gba ọ̀nà kejì nínú ẹ̀ẹ̀rùn? Bí ilẹ̀ bá gbẹ, etí odò ni wọn yóò gbà lọ. Ọjọ́ kan péré tí ẹnikẹ́ni yóò nílò ẹ̀yìn òkè ni ọjọ́ tí òjò bá ti gbé afárá lọ. Irú ojú ọjọ́ tí wọ́n fi dán an wò ni irú èyí tí wọn kò ní fi lò ó láéláé. Gbogbo ohun tí ó rí níbẹ̀, tó fi ara balẹ̀ rí, kò sí èyí tó jẹ́ òtítọ́ mọ́. Ilẹ̀ gíga tó dára yẹn, bí kòtò méjèèjì bá kún, àwọn ọmọ á wà lórí rẹ̀ bí èèrà orí ewé lójú omi.

Ó gbé ife sílẹ̀ kó má bàa dà á nù, ó fóònù sí aṣọ́gbó, ó sì gba ọ́fíìsì Ọ̀gá Àgbà lọ.

"Ẹ jókòó," Ọ̀gá Àgbà wí. "Kí ló ń gbọ̀n yín báyìí?"

"Ọ̀nà kejì, mà. A ò lè gbà á."

"Ẹ̀yin lẹ yàn án."

"Èmi ni, mà."

"Ẹ sì rìn ín."

"Mo rìn ín, mà. Oòrùn ló ń ràn nígbà yẹn."

Ó ṣàlàyé. Ọ̀gá Àgbà kì í ṣe ẹni tó ń gé ọ̀rọ̀ mọ́ èèyàn lẹ́nu. Ó gbọ́ ọ tán, ó bọ́ awò ojú rẹ̀ sílẹ̀.

"Ṣé ẹ rí omi nínú kòtò yẹn?"

"Rárá, mà."

"Ṣé ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ó ń kún?"

"Mo bi aṣọ́gbó lórí fóònù kí n tó wọlé. Ó ní kò sẹ́ni tó ń dé ibẹ̀ lákòókò òjò, òun náà kò mọ̀."

"Ẹ̀rù lẹ mú wá fún mi nígbà náà."

Màmá Ẹ-Rọra ronú sí i, kò rí ọ̀nà àtisọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ẹ gbọ́ mi. Èṣí, a ò lọ. Àwọn ọmọ yẹn jáde nílé-ìwé láìfojú kan inú igbó. Mo rí ojú wọn lọ́jọ́ tí mo sọ fún wọn, mi ò tíì gbàgbé. Ẹ̀rù yín wúlò, òun ló jẹ́ kí n gbé iṣẹ́ yìí fún yín. Àmọ́ bí mo bá fi gbogbo ẹ̀rù yín ṣòfin, ilé-ìwé yìí ò ní lè ṣílẹ̀kùn láàárọ̀." Ó dá awò padà sójú. "Ọ̀la, ẹ mú Gìrìgìrì, ẹ gbé ọkọ̀ ilé-ìwé, kẹ́ ẹ lọ wò ó nínú òjò. Bẹ́ ẹ bá rí nǹkan, ẹ wá sọ fún mi. Bẹ́ ẹ ò bá rí nǹkan, a ń lọ lọ́jọ́ Ajé, ẹ̀yin lẹ sì máa ṣíwájú."

Kò sẹ́ni tó rántí orúkọ gidi tí ìyá Gìrìgìrì sọ ọ́ mọ́, títí dórí Ọ̀gá Àgbà.

Nígbà tí Màmá Ẹ-Rọra délé, ọkọ rẹ̀ wà ní yàrá iwájú níbi tó ti ń tún rédíò àti fóònù ṣe, ó ti tú rédíò kan palẹ̀ bí adìyẹ. Ó gbójú sókè.

"Kí lo tún rí, ìyàwó mi?"

Ó sọ fún un.

"Háà. Tí omi bá wá gbé ọ lọ, ta ni yóò máa bá wa fa ilẹ̀kùn wò?" Ó ti ń rẹ́rìn-ín lọ kó tó rí ojú rẹ̀ dáadáa. Ó fi irinṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ṣé ó le tó bẹ́ẹ̀?"

"Mi ò mọ̀. Ohun tó ń dẹ́rù bà mí nìyẹn. Mi ò mọ̀, mo sì ti fọwọ́ sí i bí ẹni tó mọ̀."

Ọmọ wọn yọrí láti yàrá rẹ̀. Àpò ìrìn rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Láti ọ̀sẹ̀ yẹn ló ti ń gbé e kọ́, tó ń bọ́ ọ, tó ń fi rìn kiri inú ilé kí èjìká rẹ̀ lè mọ́ ọn lára.

"Mọ́mì, wọ́n ní ẹ ń lọ wo ọ̀nà lọ́la."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má lọ rí nǹkan kan o."

"Kí ló dé tó o fi sọ bẹ́ẹ̀?"

"Gbogbo kíláàsì ló ń sọ pé ẹ máa bà á jẹ́. Mo ní ẹ ò ní bà á jẹ́. Mo ti fi ẹnu mi sọ ọ́, ẹ má dójú tì mí."

Ìyá rẹ̀ lọ wá okùn tó gùn jù nínú ilé, ó nà án gbọọrọ sílẹ̀, ó sì ń fi ọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò láti ìkangun kan dé èkejì.

Nígbà tí wọ́n fi dé ìsàlẹ̀ òkè láàárọ̀ ọjọ́ kejì, òjò ti dá, kìkì ìrì ló ń sẹ̀ wínníwínní. Aṣọ́gbó jẹ́ kí wọ́n gbé ọkọ̀ sí iwájú ilé rẹ̀. Ọ̀nà àbùjá kan wà láti ibẹ̀ tí wọ́n lè gbà dé ibùdó ọjọ́ kejì láìrìn yí òkè ká. Gìrìgìrì ń kọrin lọ níwájú. Màmá Ẹ-Rọra ń tẹ̀ lé e, okùn lọ́rùn rẹ̀, ojú rẹ̀ nílẹ̀.

Omi wà nínú kòtò àkọ́kọ́ lóòótọ́. Kò kọjá ọrùn ẹsẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá wo òkun o!" Gìrìgìrì bọ́ sínú rẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ tá a. "Omi tí òròmọdìyẹ á fẹsẹ̀ rìn kọjá. Ẹ jẹ́ n gbé yín pọ̀n?"

"Gbé ara rẹ pọ̀n."

Wọ́n kọjá. Wọ́n gun ilẹ̀ gíga náà. Igi wà níbẹ̀, ilẹ̀ títẹ́jú wà níbẹ̀, kò sí ohun tó yí padà. Ojú ti ń ti Màmá Ẹ-Rọra díẹ̀. Bóyá ẹ̀rù lásán ni. Ó ti ń to ọ̀rọ̀ tí yóò sọ fún Ọ̀gá Àgbà nígbà tí ojú ọ̀run ṣú lórí òkè lókè lọ́hùn-ún, tí òjò sì dé. Kì í ṣe orí wọn nìkan ló ń rọ̀ sí. Lórí gbogbo òkè ni, wọ́n ń gbọ́ ọ bó ti ń bọ̀ láti òkèèrè.

Ní kòtò kejì, omi ti tó orúnkún, ó pọ́n, ó sì yára.

"Ẹ jẹ́ n wọ̀ ọ́, ká lè mọ bó ṣe jìn tó," Gìrìgìrì wí.

"Gba okùn yìí, so ó mọ́ ìbàdí."

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ewúrẹ́ ni mí ni?"

"Ewúrẹ́ gbọ́n jù ọ́ lọ. So ó."

Ó so ó, ó ń kùn. Màmá Ẹ-Rọra fi ìkangun kejì yí ìdí igi ká, ó tún un yí, ó di í mú. Gìrìgìrì wọ inú omi, ó rìn dé àárín, ó yíjú padà.

"Ó tutù o! Ṣùgbọ́n kò sí…"

Kò parí ọ̀rọ̀ náà. Omi kò kún díẹ̀díẹ̀ bí omi inú garawa. Ó dé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí àgbò tó já okùn, pẹ̀lú igi àti ewé àti ariwo. Ó gbá ẹsẹ̀ ọkùnrin náà kúrò nílẹ̀. Orí rẹ̀ rì, ó yọ, ó tún rì. Okùn náà fa ọwọ́ Màmá Ẹ-Rọra títí ó fi bó o láwọ. Kò jọ̀wọ́ rẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ ti ìdí igi, ó ń pariwo, kò mọ ohun tí òun ń sọ. Nígbà tí Gìrìgìrì rá jáde ní etí kòtò, bàtà rẹ̀ kan ti lọ, ó ń bi omi ẹlẹ́rẹ̀.

Màmá Ẹ-Rọra tú okùn kúrò nídìí igi, ó ká a jọ.

"Ẹ jẹ́ ká máa padà," Gìrìgìrì wí nígbà tó yá, ohùn rẹ̀ ti kéré.

Wọ́n padà síbi kòtò àkọ́kọ́. Omi òròmọdìyẹ ti lọ. Odò kan ló wà níbẹ̀, ó ń bú ramúramù, ìtì igi kan ń yí gbirigbiri kọjá nínú rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti gbẹ́sẹ̀ láàárọ̀ kò sí mọ́. Màmá Ẹ-Rọra mú fóònù jáde. Kò sí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì. Níwájú, kò ṣeé lọ. Lẹ́yìn, kò ṣeé padà sí. Ọ̀nà kẹta tí ó ti ń wá nínú gbogbo nǹkan láti kékeré, ó wò yíká, kò rí i.

Wọ́n jókòó sábẹ́ igi, lórí ilẹ̀ tó dára.

Ohun tó ṣe níbẹ̀ kò fẹ́ ṣe é, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Lójú inú rẹ̀, ó ń kó àwọn ọmọ wá síbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tó ní ikọ́ fée, níbo ni yóò jókòó? Àwọn ìbejì tí kì í fi ara wọn sílẹ̀, bí omi bá mú ọ̀kan, èkejì á bẹ́ tẹ̀ lé e. Ọmọ tó máa ń díbọ́n pé ẹ̀rù ò ba òun á dúró sẹ́yìn gbogbo wọn, kò ní wí nǹkan kan. Àti ọmọ tirẹ̀. Ó mọ ibi tí ọmọ tirẹ̀ yóò wà. Kò ní dúró de okùn. Á ti wọ omi kí ẹnikẹ́ni tó gbójú sókè, á máa rẹ́rìn-ín, nítorí ó ti rí Gìrìgìrì tó wọ̀ ọ́.

Nígbà náà ló gbọ́ ọ. "Mà! Mà!" Ohùn ọmọdé, láti apá kòtò kejì. Ó dìde fìrì.

"Ẹ gbọ́ ọ?" Gìrìgìrì bi í. Ojú rẹ̀ là gbàgà.

"Ìwọ náà gbọ́ ọ?"

Wọ́n tẹ́tí. Omi ni. Òkúta ń lu òkúta nísàlẹ̀ rẹ̀, ó sì ń fọ̀ bí ọmọ. Ó mọ̀ pé omi ni, síbẹ̀ bó bá ti tún dún, ẹsẹ̀ rẹ̀ á gbéra. Ó di gbòǹgbò igi mú kó má bàa lọ dá a lóhùn.

"Ẹ̀gbọ́n," Gìrìgìrì wí lẹ́yìn ìgbà pípẹ́.

"Kí ni?"

"Ẹ má sọ fáwọn ọmọ pé mo pariwo nínú omi."

"O ò pariwo."

"Ẹ ṣé."

"Ìyá rẹ lo pè."

"Mo pe ìyá mi?"

"O pè wọ́n dáadáa. O tilẹ̀ fi oríkì kún un."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún, ó fi ọwọ́ bojú. Màmá Ẹ-Rọra fi ọwọ́ rẹ̀ tó bó lé e léjìká. Kò sọ pé kó rọra. Òjò ń rọ̀, wọ́n sì ń gbọ̀n pọ̀, lábẹ́ igi kan.

Omi tó yára dé máa ń yára lọ. Nígbà tí ọjọ́ ń rọ̀, kòtò àkọ́kọ́ ti fà dé itan. Wọ́n so okùn mọ́ igi, wọ́n dì í mú, wọ́n kọjá lẹ́sẹ̀-ń-tẹ̀lé-ẹsẹ̀. Ní àárín omi, Màmá Ẹ-Rọra dúró, ó di okùn mú gírígírí. Gìrìgìrì ń pè é láti etí kejì, "Ẹ máa bọ̀, ẹ̀gbọ́n. Ẹ máa wò mí. Ẹ máa wo ojú mi nìkan." Ó wo ojú rẹ̀, ó sì dé.

Ọ̀gá Àgbà ṣì wà ní ọ́fíìsì, ó ń to àwọn àgọ́ jọ fún ọjọ́ Ajé. Ó gbọ́ wọn lọ́dẹ̀dẹ̀, ó jáde.

"Ẹ kú ewu. Ṣé ẹ rí nǹkan?"

Gìrìgìrì ló dáhùn.

"A rí i, mà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi lọ. Ká ní ẹ̀gbọ́n ò fi okùn…" Ó dúró. "Orí ilẹ̀ gíga yẹn la wà o, mà, omi yí wa ká. Ẹni méjì péré ni wá, a sì dàgbà."

Ọ̀gá Àgbà wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tí kò ní bàtà. Ó wo àtẹ́lẹwọ́ Màmá Ẹ-Rọra. Ó wọ ọ́fíìsì padà, ó jókòó sáàárín àwọn àgọ́ tó tò.

"Èmi ni mo sọ pé ẹ̀rù lẹ mú wá," ó wí, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Ọjọ́ kejì ìrìn ni wọn ì bá dé ibẹ̀."

"Ọjọ́ kejì, mà."

"A ò lọ." Ó fa fóònù sọ́dọ̀. "Màá fi ẹnu ara mi sọ fáwọn òbí wọn. Tí ara yín bá ti balẹ̀, ẹ lọ wá ọ̀nà kejì mìíràn fún wa, fún àwọn tó ń bọ̀. Nínú òjò ni kẹ́ ẹ ti wá a o."

Ìròyìn ti ṣáájú Màmá Ẹ-Rọra délé. Ọmọ rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ojú rẹ̀ ti wú.

"Ẹ lọ rí nǹkan, àbí?"

"Mo lọ rí i."

"Mo bẹ̀ yín. Mo bẹ̀ yín, Mọ́mì! Gbogbo ìgbà lẹ máa ń rí nǹkan! Kò sí ibi tẹ́ ẹ máa lọ kẹ́ ẹ má rí nǹkan!"

Ó gbá ilẹ̀kùn mọ́ ìyá rẹ̀ lójú. Láti inú yàrá, wọ́n gbọ́ bó ṣe ń tú àpò ìrìn náà, tó ń ju ohun inú rẹ̀ lu ògiri, abọ́, ife, gbogbo rẹ̀, tó sì ń sọ̀rọ̀ kíkan láàárín ẹkún. Bàbá rẹ̀ dìde lórí àga.

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ìyá rẹ lò ń…"

Ìyàwó rẹ̀ dá a dúró pẹ̀lú ọwọ́ tó bó.

"Fi í sílẹ̀."

"Ó ń rí ọ fín."

"Jẹ́ kó máa pariwo. Mo bẹ̀ ọ́, jẹ́ kó máa pariwo."

Ó fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn náà, ẹ̀wù rẹ̀ ń kán sílẹ̀. Ohun mìíràn tún lu ògiri. Ọmọ náà kígbe pé òun kórìíra ohun gbogbo. Màmá Ẹ-Rọra dúró níbẹ̀, ó ń gbọ́ ọ. Ohùn ọmọ ni lọ́tẹ̀ yìí, kì í ṣe omi, kò sì fẹ́ kí ó dákẹ́.